Ọmọ Ọsàn àti Máńgòrò Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rà: Ìtọ́jú Rẹ̀ Kó Tó Wọ Ilẹ̀

Òjò á rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yá gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, wọ́n á ra ọmọ ọsàn àti ọmọ máńgòrò tí wọ́n lọ́, wọ́n á kó o délé. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá rí i pé oko ò tíì ṣe tán, pé ẹni tó fẹ́ bá wọn gbẹ́ kòtò ti lọ síbòmíì, òjò náà á sì tún dá wọ́ọ́. Bí ọmọ igi ṣe ń di ohun tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, nígbà mìíràn oṣù méjì. Tó bá wá kú lẹ́yìn tí wọ́n gbìn ín, wọ́n á ní ilẹ̀ ni ò dáa, tàbí pé ẹni tó tà á ló lu àwọn ní jìbìtì. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi tọ́ ọ, tí wọ́n sì fi tà á, ló ti kú kó tó dé oko. Ewé rẹ̀ ni ò tíì gbọ́.

Gbòǹgbò lẹ fi owó yín rà. Ewé tó já lè tún rú, ṣùgbọ́n gbòǹgbò tó ti jó tàbí tó ti rà, igi náà ń lọ nìyẹn. Igi tó wà nínú ilẹ̀ lè nawọ́ wá omi lọ síwá sẹ́yìn. Èyí tó wà nínú ọ̀rá, ohun tí ẹ bá fún un nìkan ló ní.

Níbi tí ẹ ti ń rà á

Iléeṣẹ́ ìwádìí èso àti ewébẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NIHORT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1975, ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ rántí fún ọsàn àti máńgòrò. Kajú ní tiẹ̀, CRIN tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ ni, torí iṣẹ́ ìwádìí lórí kajú àti obì wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú kòkó. Àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì náà máa ń ní èyí tó dáa, àmọ́ ojú yín ni kó jẹ́rìí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ìlọ́, ìyẹn ibi tí wọ́n ti so ẹ̀ka igi tó ń so dáadáa mọ́ ìdí igi mìíràn. Lára ọsàn, ó sábà máa ń wà ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 25 sókè iyẹ̀pẹ̀. Igi máa ń tẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, tàbí kó wú bí oríkèé, èèpo ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti tòkè kì í sì í jọra tán. Igi tó gún régé láti ìdí dókè láìní àpá kankan, kóró ni wọ́n fi gbìn ín, ohun yòówù kí ẹnu ọlọ́jà máa sọ. Èyí tí wọ́n lọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Èyí tó ti inú kóró wá lè gba ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ ò sì ní mọ irú èso tó máa so títí ọdún yẹn fi máa pé.

Ẹ tún wo bóyá ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi di ojú ìlọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á: "Ọ̀gá, ó tó ọjọ́ mélòó tí ẹ ti lọ́ eléyìí?" Tó bá ti lé ní oṣù méjì, tí ẹ̀ka tòkè sì ti rú ewé tó ti le, ó yẹ kí wọ́n ti tú u. Ọ̀rá tó bá pẹ́ jù lára igi máa ń fún un lọ́rùn: ẹ ó rí i tí òkè ibẹ̀ wú, tí abẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín, atẹ́gùn líle kan ló sì máa kán an níbẹ̀. Abẹ tuntun ni kí ẹ fi là á ní ẹ̀yìn, níbi tí wọn ò lọ́ ẹ̀ka mọ́, kí ẹ rọra ṣí i kúrò.

Ẹ má jẹ́ kí gíga tàn yín. Nínú ọ̀rá kékeré, igi tó ga jù ló sábà máa ń ti pẹ́ jù, gbòǹgbò rẹ̀ á sì ti lọ́ ara rẹ̀ mọ́ra bí òṣùká. Ẹ gbé ọ̀rá náà, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò tín-ín-rín bíi mélòó kan tó yọrí síta ò burú; èyí tó nípọn bíi lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ di ìdí igi mú, kí ẹ fà á sókè díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń yọ bọ̀ bí igi tí wọ́n kàn ti bọ yanrìn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ̀rá rẹ̀ ni, gbòǹgbò ò tíì di iyẹ̀pẹ̀ mú. Irú rẹ̀ ò lè fara da ìrìn àjò.

Lójú ọ̀nà

Láti Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 100. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tó ṣí sílẹ̀ gbayawu ló burú jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi ń gbé e, torí atẹ́gùn eré ọkọ̀ ń fa omi ara ewé yọ ju bí gbòǹgbò ṣe lè fà á wọlé lọ. Ẹ fi tapólì bò ó, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí díẹ̀ kó lè mí. Búùtù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dáa láàárọ̀ kùtù tàbí nírọ̀lẹ́. Ní ọ̀sán, ààrò ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí wọ́n ti bu omi sí i, kí iyẹ̀pẹ̀ lè dì mọ́ gbòǹgbò. Bí ẹ bá ń gbé e, ìdí ọ̀rá ni kí ẹ gbá mú. Ẹni tó bá fi ọrùn gbé igi tí wọ́n lọ́, ojú ìlọ́ ló gbé ẹrù iyẹ̀pẹ̀ lé lórí yẹn.

Ibi tí ẹ ó gbé e sí

Ìdí igi máńgòrò ńlá tó wà lágbàlá ni gbogbo wa máa ń rò lọ. Òjìji rẹ̀ dáa lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ń já bọ́ láti orí rẹ̀ ni ìṣòro: kòkòrò funfun tó dà bí òwú, oje tó ń lẹ̀ mọ́ ewé, àti èérí dúdú bí èédú tó ń hù lórí oje náà. Gbogbo ẹ̀ ni máńgòrò àgbà lè fara dà. Èyí tó ní ewé mẹ́jọ ò lè fara dà á.

Àtíbàbà kékeré ló sàn jù. Ẹ ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, kó ga dé àyà, kí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fi jẹ́ pé oòrùn á máa tò wálẹ̀ bí owó ẹyọ tí wọ́n fọ́n sílẹ̀. Bó bá ṣókùnkùn jù, igi á máa nàró wá ìmọ́lẹ̀, ọrùn rẹ̀ á tín-ín-rín.

Ẹ má gbé e sórí sìmẹ́ńtì tàbí íńtálọ́ọ̀kù. Ọ̀rá dúdú ń fa oòrùn mu, sìmẹ́ńtì sì ń dá ooru padà láti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá tó kọjú sí oòrùn ní aago méjì ọ̀sán, tó jó yín lọ́wọ́, ẹ rántí pé àwọn gbòǹgbò tó tíńrín jù, tó ń mu omi, ara ọ̀rá yẹn gan-an ni wọ́n lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí igi fi máa ń rọ nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ ṣì tutù.

Ẹ wa ilẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí ẹ to àwọn ọ̀rá sínú rẹ̀ kí wọ́n fara kanra, kí ẹ wá kó iyẹ̀pẹ̀ tàbí koríko gbígbẹ ti èyí tó wà lẹ́tì. Ibi tí omi òjò kì í dúró sí ni kó jẹ́. Nígbà òjò ńlá, èyí tó wà ní ibi kòtò á kàn máa lúwẹ̀ẹ́, ẹ sì mọ bí ìyẹn ṣe ń parí. Bó bá pẹ́ tó oṣù kan, ẹ máa gbé wọn sókè lọ́sẹ̀ méjì-méjì kí gbòǹgbò má baà gba inú ihò ọ̀rá wọ ilẹ̀ lọ. Ẹ pa àyè mọ́ láàárín koríko àti ìdí igi, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 5, torí ikán. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, koríko gbígbẹ tó bá fara ti igi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpèjẹ lẹ fi pe ikán sí.

Ewúrẹ́ ò nílò àlàyé. Ẹ fi wáyà tàbí imọ̀ sọgbà yí i ká kí ilẹ̀ ọjọ́ tí ẹ gbé e dé tó ṣú, torí òru kan péré ti tó fún wọn. Adìẹ náà máa ń ta iyẹ̀pẹ̀ orí ọ̀rá dànù títí gbòǹgbò fi hàn síta.

Bí ẹ bá ní ọsàn tàbí máńgòrò nílé tẹ́lẹ̀, ẹ ya tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí kòkòrò tó bá bá a wá má baà gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ara èyí tó ti ń so.

Omi

Ibí ni wọ́n ti ń pa á jù, àpọ̀jù omi ló sì ń pa á ju àìtó lọ. Àánú ló máa ń fà á: ẹni tó bá rí ewé tó rọ á sáré bu omi, á tún bù ú nírọ̀lẹ́.

Ẹ ti ìka yín bọ iyẹ̀pẹ̀ ọ̀rá náà dé oríkèé kejì. Bí ó bá ṣì tutù níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Bó bá ti gbẹ, ẹ bu omi sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí tó fi máa jò jáde nísàlẹ̀. Fún ọ̀rá tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, tó ga tó 25 sí 30, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, ìyẹn 50cl, sábà máa ń tó o. Nígbà òjò, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó béèrè òmíràn. Nígbà tí òjò bá sinmi nínú oṣù Kẹjọ, ọjọ́ méjì-méjì. Nígbà ọyẹ́, ojoojúmọ́ ni. Àwọn tó ti mọwọ́ rẹ̀ kì í ti ìka bọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n á kàn gbé ọ̀rá náà, bó bá fúyẹ́, wọ́n á mọ̀.

Àárọ̀ ni kí ẹ máa bu omi, kí ẹ dà á sí ìdí rẹ̀. Ewé tó bá sùn ní tútù ní àsìkò òjò, àmì dúdú ò ní pẹ́ bo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú lára máńgòrò. Ẹ ṣọ́ra fún omi táǹkì dúdú tó wà lókè ilé: ẹ jẹ́ kí èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú ọ́ọ̀sì lọ́sàn-án ṣàn dànù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó tutù ná, torí ó lè gbóná tó omi ìwẹ̀.

Ohun kan wà tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá gbẹ jù, ó máa ń sún kúrò lára ọ̀rá, àlàfo á wà láàárín méjèèjì. Omi tí ẹ bá dà á gba ẹ̀gbẹ́ lọ ní tààrà, á jò jáde nísàlẹ̀, ẹ ó sì rò pé ó ti yó. Àárín rẹ̀ ṣì gbẹ bí ẹ̀kọ tó ti sùn. Ẹ gbé irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ sínú báàfù tí omi inú rẹ̀ tó ìdajì gíga rẹ̀, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ ó rí i tí afẹ́fẹ́ á máa yọ hóhó lójú omi. Nígbà tó bá dákẹ́, omi ti dé àárín. Kí ẹ wá gbé e jáde kó jò.

Bí igi bá rọ lọ́sàn-án, tó sì nàró padà nírọ̀lẹ́, ooru ni, òjìji ló ń wá. Bó bá rọ láàárọ̀ kùtù, tí iyẹ̀pẹ̀ sì gbẹ, òùngbẹ ni. Bó bá rọ láàárọ̀ tí iyẹ̀pẹ̀ sì ń rin, gbòǹgbò ti ń rà. Ẹ má bu omi kankan mọ́. Ẹ la ọ̀rá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí omi ẹ̀gbin, tí ẹ fa gbòǹgbò kan tí èèpo rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ yín tó ku fọ́nrán bí òwú, ẹ gé gbogbo èyí tó dúdú kúrò, ẹ gé ewé rẹ̀ kù sí ìdajì, kí ẹ tún un gbìn sínú iyẹ̀pẹ̀ tó ní yanrìn dáadáa. Díẹ̀ nínú wọn máa ń yè.

Ó wá ku ti máńgòrò tó ń rú ewé tuntun. Ewé ọ̀hún máa ń pọ́n bíi bàbà, á rọ̀, á sì so kọ́ wálẹ̀ bí aṣọ tútù. Ẹni tí ò bá mọ̀ á ní ó ń kú lọ, á sì rọ omi sí i. Bó ṣe ń dàgbà nìyẹn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ewé náà á nà, á le, á sì di àwọ̀ ewé gidi. Àsìkò tó bá ṣì rọ̀ yẹn, ẹ má gbé e rin ìrìn àjò, ẹ má sì gbìn ín.

Kòkòrò àti ẹ̀ka tí ò yẹ

Èèrà tó ń lọ tó ń bọ̀ lára igi ló máa kọ́kọ́ ta yín lólobó. Wọ́n kì í jẹ ewé ọsàn. Oje dídùn tí kòkòrò kéékèèké ń ya ni wọ́n ń wá. Ẹ yí ewé padà, ẹ ó bá èyí tó funfun bí òwú lábẹ́ rẹ̀ tàbí ní ìpàdé ẹ̀ka. Ẹ po ṣíbí ìmùkọ kan ọṣẹ olómi mọ́ omi lítà méjì sí mẹ́ta, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù wọ́n kúrò nírọ̀lẹ́, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, torí ẹyin wọn kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi omi lásán ṣan ewé náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Lórí ewé ọsàn, bí ẹ bá rí ohun tó dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ, dúdú tó ní funfun lára, ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ labalábá kan ni. Bó bá dàgbà, á di àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á yọ ìwo méjì tó ń rùn. Méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn lè jẹ ọmọ ọsàn kan ní ìhòòhò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣà á. Ẹ ò nílò oògùn kankan fún igi tí kò ju ogún lọ.

Gbogbo ẹ̀ka tó bá rú láti abẹ́ ojú ìlọ́, ẹ fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ dànù nígbà tó ṣì rọ̀. Igi ìdí ló ni ẹ̀ka yẹn, ó sì lágbára ju tòkè lọ. Ọ̀pọ̀ "ọsàn tó yí padà di kíkan" nìyí: wọ́n jẹ́ kí ìsàlẹ̀ gba ipò òkè. Bó ṣe rí fún róòsì náà nìyẹn fún ẹni tó bá rà á sí iwájú ilé. Máńgòrò tí wọ́n lọ́ sì lè yọ òdòdó nínú ọ̀rá. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ gé e.

Ajílẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fún un ní ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ń jó gbòǹgbò. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá ṣì wà lọ́dọ̀ yín, ẹ po ṣíbí ìjẹun kan NPK 15-15-15 mọ́ omi lítà 10, kí ẹ da ìdajì ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lórí iyẹ̀pẹ̀ tó ti tutù.

Bí gbígbìn bá pẹ́

Àsìkò gbígbìn tó dáa jù lọ́dọ̀ wa ni oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, kí gbòǹgbò lè rí oṣù mẹ́ta, mẹ́rin òjò kí ọyẹ́ tó dé. Bí ó bá ti di àárín oṣù Kẹsàn-án tí ẹ ò sì tíì gbìn ín, tí kò sí omi lóko, ẹ má tan ara yín. Òjò ò ní pẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá. Ẹ gbé e sínú ike ọ̀dà lítà 10 tí ẹ ti dá ihò mẹ́fà sí nísàlẹ̀, kó wà nílé títí di ọdún tó ń bọ̀. Iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀: òṣùwọ̀n mẹ́ta ilẹ̀ dúdú òkè, méjì ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà dáadáa, ọ̀kan yanrìn odò. Iyẹ̀pẹ̀ tuntun kò gbọ́dọ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, débi tó máa fi bo ojú ìlọ́.

Bí gbígbìn bá sì ti kù sí ọjọ́ 10 sí 14, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mú un mọ oòrùn. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, oòrùn àárọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án. Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, títí di aago mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà, ẹ ká imọ̀ kúrò lórí rẹ̀ pátápátá. Bí ewé bá ní àbàwọ́n tó ṣì, tó wá di búráùn ní ẹ̀yà tó kọjú sí òkè, oòrùn ti jó o, ẹ ti yára jù; ẹ dá imọ̀ padà fún ọjọ́ méjì. Èyí tí wọ́n ti ń tọ́ nínú oòrùn gbangba níbi tí ẹ ti rà á ò nílò gbogbo èyí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú gbígbìn, ẹ bu omi sí i dáadáa. Lóko, ẹ fi abẹ gé ìdí ọ̀rá náà kúrò pẹ̀lú ìwọ̀n ìka kan iyẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀, kí gbòǹgbò tó ti ká níbẹ̀ lè bá a lọ. Ẹ gbé e sínú kòtò, kí ẹ tó la ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá láti ìsàlẹ̀ sókè, kí ẹ wá fà á yọ nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ bá ti dì í mú dé ìdajì. Ojú ìlọ́ gbọ́dọ̀ ga ju ilẹ̀ lọ ní ìbú ọwọ́ kan, ó kéré tán. Ẹ ka iye ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kúrò lóko. Bó bá dín kan sí iye igi, inú kòtò kan ló ṣì wà, ẹ padà lọ hú u.